Orúkọ tí ìlànà dátà yín yóò máa jẹ́

Lọ́dún 1994, àwọn òṣìṣẹ́ Unidata nílùú Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà, pààrọ̀ lẹ́tà tó máa ń gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì wọn. “.cdf” ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di “.nc”. Àwọn ló ni netCDF, ìlànà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ òjò, ooru àti afẹ́fẹ́. NASA náà ní tiwọn tó ń jẹ́ CDF, ara rẹ̀ sì ni Unidata ti yá èrò lò níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ fáìlì méjèèjì ò bára mu: ohun tó ń ṣí ọ̀kan kò lè ṣí ìkejì. Ẹni tí wọ́n bá fi fáìlì tó parí sí .cdf ránṣẹ́ sí, kò sí bó ṣe fẹ́ mọ ilé tó ti wá. Wọ́n rí ìrù fáìlì yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ fúnra rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé, kò ṣeé kó padà mọ́. Mo ṣì ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń da méjèèjì pọ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bá ní kí n wá bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ dátà wọn (kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù o) máa ń fi ọ̀rọ̀ orúkọ sí ìparí ìpàdé, nígbà tí oúnjẹ bá ti dé tí ojú kálukú ti kúrò nídìí iṣẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n dá a dúró.

Kí ni ìlànà dátà àjọlò gan-an? Ẹ mú pépà kan tí wọ́n lẹ ewé ìrókò gbígbẹ mọ́, irú èyí tó wà ní ilé ìpamọ́ ewé ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn. Ká ní ẹni tó já ewé náà kọ 3/4/58 sí i. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni, ará Amẹ́ríkà á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Ìlànà àjọlò ló ń sọ pé ibi tí déètì ń wà ń jẹ́ eventDate, pé 1958-04-03 sì ni ká kọ ọ́. “Ìrókò”, orúkọ tí ará ìlú ń pè é, á lọ sábẹ́ vernacularName, Milicia excelsa, orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, á lọ sábẹ́ scientificName. (Chlorophora excelsa ni ìwé àtijọ́ ń pè é, torí náà ohun tí à ń fún ní àyè gan-an ń pa orúkọ dà.) Bí gbogbo ilé ìpamọ́ bá ti tẹ̀ lé ìlànà kan náà, èèyàn lè da àkọsílẹ̀ Ìbàdàn pọ̀ mọ́ ti Cotonou láìjẹ́ pé ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

Ìlànà yìí ń jẹ́ Darwin Core. Àjọ TDWG, tó ń ṣètò ìlànà dátà ohun abẹ̀mí, fọwọ́ sí i lọ́dún 2009, òun sì ni àjọ GBIF, tó fìdí kalẹ̀ sí Copenhagen, fi ń kó àkọsílẹ̀ ohun abẹ̀mí tó lé ní bílíọ̀nù méjì jọ. Wọ́n wo àwòkọ́ṣe Dublin Core kí wọ́n tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Dublin Core yẹn náà, ìlànà àwọn onílé ìkàwé, inú ìpàdé kan ní oṣù kẹta ọdún 1995 ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Dublin tó wà ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí OCLC, àjọ àwọn ilé ìkàwé, fi ṣe ibùjókòó. Gbogbo èèyàn ló rò pé ti Ireland ni. Síbẹ̀ mo fara mọ́ orúkọ náà, torí kò sí ohun tó lè gbó nínú rẹ̀. Kò sọ iye ohun tó wà nínú ìlànà, kò dárúkọ ẹ̀rọ, kò ṣèlérí kankan.

Ẹ wá wo FITS, ti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1981. Flexible Image Transport System ni wọ́n ké kúrú. “Transport” wà níbẹ̀ torí pé téèpù ni wọ́n fi ń gbé àwòrán ìràwọ̀ láti ibi awò awọ̀nàjíjìn kan dé òmíràn láyé ìgbà yẹn. Ta ló ń gbé téèpù kiri mọ́? Fáìlì tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ ló dà. Ilé ìkàwé Vatican pàápàá ń fi FITS pa àwòrán ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ mọ́. Ìkékúrú yẹn ló yọ wọ́n, torí kò sẹ́ni tó ń rántí ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Àléébù tirẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ ni “fits”: ẹ wá a lórí Google láìfi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í, ẹ̀ ń wá ìràwọ̀, ẹ ó bá aṣọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé orúkọ kì í dúró sójú ìwé. Ó máa ń wọnú fáìlì lọ. Bí ẹ bá tú fáìlì netCDF ti àtijọ́ wò, lẹ́tà mẹ́ta tó ṣáájú ohun gbogbo ni C, D àti F. Nígbà tí netCDF-4 dé lọ́dún 2008, orí HDF5, ìlànà mìíràn, ni wọ́n gbé e kà, torí náà HDF lẹ́ ó bá níwájú fáìlì tí gbogbo èèyàn ń pè ní netCDF. TDWG náà sọ ara rẹ̀ di Biodiversity Information Standards lọ́dún 2006, àmọ́ wọn ò lè jọ̀wọ́ lẹ́tà mẹ́rin yẹn, pàápàá nísinsìnyí tó ti wà nínú àdírẹ́sì ọ̀rọ̀ Darwin Core kọ̀ọ̀kan, rs.tdwg.org.

Kọ̀ǹpútà náà ń ka orúkọ, kì í sì í kà á bíi tiwa. Àwọn onímọ̀ jíìnì (ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) ní jíìnì tí wọ́n pè ní SEPT1 àti òmíràn tó ń jẹ́ MARCH1. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú Excel báyìí, Excel á sọ ọ́ di déètì: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016 rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àpilẹ̀kọ tó fi àtòjọ jíìnì Excel ṣe àfikún ló ní irú àṣìṣe yìí. Lọ́dún 2020, ìgbìmọ̀ HGNC tó ń sọ jíìnì èèyàn lórúkọ sọ wọ́n di SEPTIN1 àti MARCHF1. Mo mọ̀ pé àwọn kan bínú pé kí ló dé tí sáyẹ́ǹsì á fi tẹrí ba fún Excel. Àwọn ni kò tíì jókòó tún irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ṣe rí.

Ẹni tó bá fẹ́ fún ìlànà rẹ̀ lórúkọ Yorùbá, ẹ ṣeun, ẹ má fi dù wá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé lẹ́tà bíi ọ́ ní ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ ọ́: ó lè jẹ́ ọ tí a fi àmì lé lórí, ó sì lè jẹ́ ó tí a fi ẹsẹ̀ sí nídìí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹni tó bá sì fi ọ̀kan wá lè má rí ìkejì. Ẹ fi àmì sí i nínú ìwé àlàyé, kí ẹ sì pinnu láti ọjọ́ kìn-ín-ní bí wọ́n á ṣe máa kọ ọ́ láìlámì nínú orúkọ fáìlì àti àdírẹ́sì.

Bí àwọn èèyàn Benin àti Tógò bá wà nínú iṣẹ́ náà, ìjà á wà lórí ìkékúrú, torí bí Faransé ṣe ń to ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ṣètò aago àgbáyé gbà fún ara wọn: CUT (Coordinated Universal Time) ni ti Gẹ̀ẹ́sì ì bá jẹ́, TUC (Temps Universel Coordonné) ni ti Faransé, wọ́n mú UTC, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Bí orúkọ tí kò dáa bá sì ti jáde ńkọ́? Bí fáìlì ò bá tíì kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ pa á dà lónìí. Bí ó bá ti tàn ká, tí kò sì ba dátà ẹnikẹ́ni jẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń ba dátà jẹ́, ẹ ṣe bíi HGNC: wọn ò pa orúkọ àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá wá SEPT1 lórí àkójọ wọn lónìí, SEPTIN1 ló máa gbé e lọ.