Gìtá Tí Kì í Di Ohùn Mú: Ẹ Wo Okùn Kí Ẹ Tó Bú Kọ́kọ́rọ́

Ẹni tó bá gbé gìtá wá sọ́dọ̀ mi ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Ábẹ́òkúta, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé, "Ẹ bá mi pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ orí ẹ̀, kì í di ohùn mú." Okùn ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́kọ́rọ́ tí à ń yí láti fi ta okùn ò ṣẹ̀ rárá.

Ọmọbìnrin kan tó ń lu gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin gbé tirẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Bọ̀ọ̀dá, mo yí i títí, ó ti sú mi." Okùn tuntun ló fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló wé okùn tín-ín-rín mọ́ ìdí kọ́kọ́rọ́. Bó ṣe ń ta á ló ń yọ̀. A tú u, a wé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ìyíká kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Fún okùn tó nípọn, ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Okùn tuntun sì máa ń nà: mo fi ìka fà á sókè díẹ̀díẹ̀, mo tún ohùn rẹ̀ ṣe, mo tún fà á, títí ohùn fi dúró.

Tí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́ tí ohùn ò yí, tó wá ṣàdédé fò sókè, "tín!", okùn ti há sójú ihò eegun kékeré tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé orí. Ẹ tú okùn náà, ẹ fi pẹ́ńsùlù ra ojú ihò yẹn dáadáa. Tí ohùn bá ti kọjá ibi tí ẹ fẹ́, ẹ má kàn dá a padà sílẹ̀ kí ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó relẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ wá gòkè bá a. Ẹ rí i pé 440 Hz, ìwọ̀n ohùn A, ni túnà (áàpù tó ń wọn ohùn) orí fóònù yín wà, kó lè bá kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì mu. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún fóònù. Etí tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ lè gbọ́ okùn tó ṣìnà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra okùn, ẹ kọ́kọ́ mọ irú gìtá tó wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó máa ń dùn mí jù lọ nìyí: kí èèyàn fi okùn irin sí gìtá olókùn ọ̀rá. Okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè fa igi náà pẹ̀lú agbára tó tó 70 kìlógírámù. Ti ọ̀rá kò ju nǹkan bí 40 lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni bíríìjì, igi kékeré tó di ìdí okùn mú láyà gìtá, á fi ṣí kúrò lára igi, ọrùn á sì tẹ̀. Mo ti rí gìtá àjogúnbá tó bàjẹ́ báyìí.

Nọ́mbà ara páálí, 10, 11, 12 tàbí 13, ni ìnípọn okùn tó tín-ín-rín jù. 12 ni mo máa ń fi sí gìtá irin tó tóbi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè fi 10 bẹ̀rẹ̀ nítorí ìka rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í ròkè, tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ jù, á yà kúrò lójú ọ̀nà. Bronze lásán máa ń dún ketekete, àmọ́ kì í pẹ́ ṣú. Phosphor bronze ni mo fẹ́ràn, ohùn rẹ̀ gbóná, ó sì ń pẹ́. Ẹ má ra ti gìtá oníná sí i. Nickel ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó dún tó. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn kúrò lára okùn lẹ́yìn tí ẹ bá lù ú tán.

Tí ohùn okùn bá dára láìtẹ̀ ẹ́, tó sì ṣìnà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní fírẹ́ẹ̀tì 12 (fírẹ́ẹ̀tì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), ẹ pààrọ̀ okùn àtijọ́ ná. Bí kò bá yí padà, eegun bíríìjì ló kù, ẹ gbé e lọ bá alátùn-únṣe.

Gìtá kì í ṣe gángan tí à ń yá lóòrùn kí awọ rẹ̀ lè le. Lásìkò ọyẹ́, igi rẹ̀ máa ń gbẹ, àyà rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, okùn á máa ha fírẹ́ẹ̀tì, ohùn á sì relẹ̀. Ẹ fi kànìnkànìn tútù tí ẹ ti fún dáadáa sínú ike ọṣẹ tó ní ihò, kí ẹ gbé e sínú àpótí gìtá, kó má kan igi. Ẹ má sì fi gìtá sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án, torí ooru ibẹ̀ ń yọ́ gọ́ọ̀mù tó di bíríìjì mú.