Ewúrẹ́ Tó Ga Kọ́ Ló Ń Mú Ẹran Púpọ̀ Wá

Bí ẹnìkan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn ewúrẹ́ lóko bàbá rẹ̀, òbúkọ gíga ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Á wo ewúrẹ́ ilé, ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú tí ikùn rẹ̀ rí róbótó, á ní, "Ẹran mélòó ló wà lára eléyìí?" Ni yóò bá kó ẹlẹ́sẹ̀ gíga wá láti òkè Ọya, tàbí kó máa wá Boer ti Gúúsù Áfíríkà, tí òbúkọ rẹ̀ lè wọ̀n ju 100 kìlógíráàmù lọ. Ewúrẹ́ ilé kì í sábà ju 20 sí 30 lọ. Lójú tirẹ̀, Boer kan ti di ewúrẹ́ ilé mẹ́rin nìyẹn.

Ìṣirò ẹni tó fẹ́ pa ẹran ìgbéyàwó ni. Ẹni tó fẹ́ sin ewúrẹ́ kì í ṣe é báyẹn.

Ọmọ ni olóko ń tà, ìyá ń bẹ nílé. Iye ọmọ tí ìyá kan bí, tó sì tọ́ títí tó fi já wọn lẹ́nu ọmú, ni kó máa kà. Oyún ewúrẹ́ kò ju bí oṣù márùn-ún lọ. Ti ilé wa kò mọ òjò yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbàkígbà ló ń gba akọ. Bí ara rẹ̀ bá dá, ó lè bí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún méjì, ìbejì sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó kú, ọmọ mẹ́fà nìyẹn.

Bí kò bá sí èyí tó kú: ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Eṣinṣin tsetse wà nínú igbó wa, ó ń gbé kòkòrò kan tí ojú kò lè rí wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ẹran òkè Ọya tí èyí bá mú á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ẹ̀jẹ̀ á tán lára rẹ̀, á kú. Ewúrẹ́ ilé lè ní kòkòrò yìí lára kó sì máa jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lọ. Bákan náà ni pẹ̀lú aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ẹran nígbà òjò: ìwádìí tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Nsukka fi hàn pé ewúrẹ́ ilé ń dènà rẹ̀ gan-an. (Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìran ewúrẹ́ yìí lọ́dọ̀ tiwọn, Nigerian Dwarf ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fún wàrà lára rẹ̀. Àwa tó ni ín là ń pè é ní aláìníláárí.)

Amẹ́ríkà ti san owó ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú wa. Ọdún 1993 ni Boer dé ọ̀dọ̀ wọn, owó gọbọi ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tó yá, yunifásítì ìpínlẹ̀ Tennessee ní Nashville, níbi tí ooru àti òjò ti ń bọ́ aràn, kó abo ìran ewúrẹ́ mẹ́ta, Boer, Kiko àti Spanish, sórí pápá kan náà, ìtọ́jú kan náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹsẹ̀ Boer ló ń dùn ún jù, òun ni aràn ń yọ lẹ́nu jù, òun náà ló ń tètè kúrò nínú agbo. Kiko àti Spanish ló já ọmọ púpọ̀ lẹ́nu ọmú. Ewúrẹ́ inú igbó ni wọ́n kó ní New Zealand tí wọ́n fi dá Kiko sílẹ̀. Wọ́n fi òbúkọ ẹran wàrà gùn wọ́n, wọn kò sì kẹ́ wọn: èyí tó bá yè tó sì tètè dàgbà ni wọ́n mú ṣe irú.

Kí ló wá dé tí ewúrẹ́ ilé wa ń kéré sí i? Ọwọ́ wa ni. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá dé, akọ tó dàgbà jù ni oníbàárà kọ́kọ́ ń nawọ́ sí, òun la sì ń tà. Èyí tó rù, tí ẹnikẹ́ni kò dá iye lé, ló kù sílé tó ń gun ìyá àti àbúrò rẹ̀. Ọdún mélòó kan la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóko wa. Ní báyìí, akọ tó jẹ́ ìbejì, tí ìyá rẹ̀ kì í pàdánù ọmọ, tó sì yára dàgbà jù láàárín oṣù mẹ́ta, la máa ń so aṣọ pupa mọ́ lọ́rùn: kò sí ní títà nìyẹn. Àwọn akọ yòókù la tẹ̀ lọ́dàá. Ìyá wa kùn lọ́dún àkọ́kọ́ pé a so owó ọdún mọ́ èèkàn. Bí ọmọbìnrin aláṣọ pupa bá ti tó gùn, a máa ń fi bàbá wọn ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú olóko abúlé mìíràn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ òbúkọ ńlá, kó má fi gun abo kékeré tí kò tíì bí rí. Ọmọ lè há sí i lára, kí ìyá àtọmọ bá a lọ.

Líle ewúrẹ́ ilé kì í ṣe oògùn kata, àrùn tó ń pa ewúrẹ́, o. Imú á máa ṣàn, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, agbo tó kún lónìí lè ṣófo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dá a dúró. Kòkòrò àrùn tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ńbí lọ́dún 1975 ni wọ́n sọ di aláìlágbára tí wọ́n fi ń ṣe é káàkiri ayé. Wọ́n ń ṣe é ní Vom lẹ́bàá Jos, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ń tó ẹran fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Kata sábà máa ń bá ẹran ọjà wọlé. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń so ewúrẹ́ tuntun sẹ́yìn ilé ẹ̀gẹ́, lọ́tọ̀, títí kan èyí tí ara rẹ̀ ń dán.