Kí ló dé tí ẹja pupa fi ń di eérú nínú fọ́tò abẹ́ omi?

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà dìjítà wọnú òkun, tó sì padà wá wo fọ́tò tó yà, kámẹ́rà ló sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀bi omi ni. Gbogbo ìbéèrè tí mo kó jọ síbí, omi tó wà láàárín lẹ́ǹsì àti ẹja ló wà nídìí wọn. Òkun Pupa ní Íjíbítì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí omi ibẹ̀ mọ́, ẹja àti iyùn rẹ̀ sì kún fún àwọ̀. Mo gbà pé ẹni tó ń kà á ti kọ́ bí a ṣe ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ mòòkùn, ó sì ní strobe, ìyẹn fíláàṣì alágbára tó dá dúró lọ́tọ̀, tí a máa ń fi apá gígùn so mọ́ àpótí kámẹ́rà, èyí tí kì í jẹ́ kí omi kan kámẹ́rà.

Mo mọ̀ pé ẹja yìí pupa. Kí ló sọ ọ́ di eérú nínú fọ́tò mi?

Omi ti gbé pupa rẹ̀ mì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dà bíi funfun lójú wa, àpapọ̀ àwọ̀ púpọ̀ ni, omi kì í sì í jẹ gbogbo wọn bákan náà. Pupa ló ń kọ́kọ́ lọ. Kí ẹ tó dé nǹkan bíi mítà 5 sísàlẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti tán. Àwọ̀ ọsàn ń tẹ̀ lé e ní bíi mítà 10, ìyeyè ní bíi mítà 20, á wá ku àwọ̀ ewé àti búlúù. Ẹja kan wà ní Òkun Pupa tí ara rẹ̀ pupa fòò, tí àmì búlúù kéékèèké kún un lára. Ní mítà 15, ojú lásán á rí i bí ohun dúdú tó ní àwọ̀ ilẹ̀. Bí nǹkan bá gé yín níka níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yín á máa jáde ní àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn. Ẹ̀rù máa ń ba ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà kún ni pé kì í ṣe jíjìn sísàlẹ̀ nìkan ló ń jẹ àwọ̀. Gbogbo omi tí ìmọ́lẹ̀ bá là kọjá ló ń bù nínú rẹ̀. Ká ní ẹja wà ní mítà 3 sísàlẹ̀, tí ẹ̀yin sì dúró ní mítà 4 sí i: ìmọ́lẹ̀ ti rin mítà 7 nínú omi kó tó wọ lẹ́ǹsì yín. Pupa ti lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú omi ò jìnnà sórí yín.

Ṣé n kò lè fi kọ̀ǹpútà dá pupa náà padà ni?

Díẹ̀. Bí ẹ bá yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, tí ẹ sì tún white balance (ètò tó ń sọ ohun tó yẹ kó funfun fún kámẹ́rà) ṣe níbi tí ẹ wà gan-an, fọ́tò tí a fi oòrùn nìkan yà lè dára títí dé bíi mítà 10. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí kò wọ kámẹ́rà kò sí nínú fáìlì. Bí ẹ bá ń fi agbára fa pupa sókè, eruku àwọ̀ ló máa kún fọ́tò. Àwọn kan máa ń fi gíláàsì pupa bo lẹ́ǹsì. Ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn, àmọ́ ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó tan strobe, torí ìmọ́lẹ̀ strobe ti ní pupa tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí a torí ẹ̀ gbé e wá nìyẹn: ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí pupa ṣì wà nínú rẹ̀ lọ sí iwájú ẹja gan-an.

Fíláàṣì wà lára kámẹ́rà mi. Ṣé kò tó?

Òun ló máa ń ba fọ́tò jẹ́ jù. Ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì ló wà, ojú ọ̀nà kan náà tí lẹ́ǹsì ń gbà wòran ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà lọ. Omi òkun tó mọ́ lójú pàápàá ní yanrìn, ìdọ̀tí àti ẹ̀dá kéékèèké tó ń léfòó nínú rẹ̀. Fíláàṣì á tàn sí wọn lára, wọ́n á dá a padà tààrà sínú lẹ́ǹsì, fọ́tò á sì kún fún àmì funfun wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ti tan fúlù láìtì mọ́tò nínú ìkùukùu òwúrọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: ògiri funfun ló máa rí, kò ní rí ọ̀nà.

Ìdí tí strobe fi ní apá nìyẹn. Lójú tèmi, apá yẹn ṣe pàtàkì ju agbára iná lọ. Strobe kékeré méjì lórí apá gígùn sàn ju ńlá kan tó jókòó pa sórí kámẹ́rà.

Níbo gan-an ni kí n kọjú strobe sí?

Kì í ṣe sára ẹja. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí ó jọ pé ohun tí a fẹ́ kó tàn ló yẹ ká dojú iná kọ. Ìmọ́lẹ̀ strobe kì í jáde ní ìlà tóóró. Ó ń fẹ̀ bó ṣe ń jìnnà, ọ̀pọ̀ strobe ló sì ń bo nǹkan bíi dígírì 100. Bí ẹ bá ń fi lẹ́ǹsì tó fẹ̀ ya ohun ńlá, ẹ na apá méjèèjì sí ọ̀tún àti òsì, kí strobe wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú àpótí díẹ̀, kí wọ́n kọjú síwájú tààrà tàbí kí wọ́n yà síta díẹ̀. Etí ìmọ́lẹ̀ nìkan ló yẹ kó kan ẹja. Omi tó wà láàárín á wà nínú òkùnkùn, ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò sì ní rí iná gbà.

Ohun kan tún wà tó ń tan ojú jẹ. Omi máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀, débi pé ẹja tó wà ní mítà kan á dà bí ẹni pé sẹ̀ǹtímítà 75 péré ló wà. Bí ẹ bá kọjú strobe méjèèjì sí ibi tí ojú yín sọ pé ẹja wà, iwájú ẹja ni ìmọ́lẹ̀ wọn á ti pàdé, nínú omi tí ẹ kò fẹ́ kó tàn gan-an.

Àpẹẹrẹ tó le jù ni ọkọ̀ Thistlegorm. Ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì ni, bàálù ogun Jámánì ló fi bọ́ǹbù rì í ní 1941, ó sì wà lórí ilẹ̀ Òkun Pupa ní bíi mítà 30 títí di òní, pẹ̀lú alùpùpù àti ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ológun nínú ikùn rẹ̀. Kò sí ayàwòrán tí kò fẹ́ ya àwọn alùpùpù yẹn. Ẹrẹ̀ tó lẹ́bú ló bo ilẹ̀ ibẹ̀, bí ẹni tó ṣáájú yín bá sì ju ẹsẹ̀ báyìí, ó ti parí: kò sí ibi tí ẹ máa gbé strobe sí tí fọ́tò á fi mọ́. Ẹ tètè wọlé ṣáájú èrò. Dídúró kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀ máa ń pẹ́, àgbá afẹ́fẹ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni ní jíjìn bẹ́ẹ̀.

Fún ohun kékeré, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ fa strobe wọlé títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì, torí omi tó wà láàárín kò tó nǹkan.

Báwo ni kí n ṣe súnmọ́ ọn tó?

Ju bí ọkàn yín ṣe fẹ́ lọ. Bí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa dé ibẹ̀. Bó ṣe rí lórí ilẹ̀ nìyẹn; nínú omi, omi á tún bu tirẹ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀. Bó bá ti ju mítà kan ààbọ̀ lọ, bátìrì lẹ ń fi ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń lo lẹ́ǹsì tó fẹ̀ gan-an: wọ́n á fi lè súnmọ́ ohun ńlá pẹ́kípẹ́kí, kí gbogbo rẹ̀ sì wọ fọ́tò. Gíláàsì iwájú tó tẹ̀ bìrìkìtì ló bá a mu. Èyí tó tẹ́jú máa ń mú kí nǹkan tóbi sí i ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì ń jẹ nínú fífẹ̀ lẹ́ǹsì.

Ẹ má lé ẹja o. Ẹ̀yìn ìrù nìkan lẹ máa yà.

Ẹja mi tàn dáadáa, àmọ́ omi ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Níbo ni búlúù lọ?

Ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Strobe ń tan iwájú, oòrùn ń tan ẹ̀yìn. Strobe á bù yẹ̀rì, á ti parí kí shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, tó pa dé, nítorí náà yíyára tàbí ìfàsẹ́yìn shutter kò kàn án. Oòrùn ló kàn. Aperture (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì) àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) ló ń kan àwọn méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ẹja. Ẹ pa strobe, ẹ kọjú kámẹ́rà sí omi, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aperture f/8, ISO 200 àti shutter 1/125 ìṣẹ́jú àáyá. Bí búlúù bá ṣókùnkùn jù, ẹ mú shutter wá sí 1/60. Bó bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ gbé e lọ sí 1/200. Ìgbà tí omi bá tẹ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ tan strobe, kí ẹ máa yí agbára rẹ̀ nìkan títí ẹja á fi tàn bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí a lè pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í bá strobe rìn kọjá 1/200 tàbí 1/250. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ á rí ìlà dúdú tó gé fọ́tò rẹ̀.

Ṣé kámẹ́rà kò lè pinnu agbára strobe fúnra rẹ̀?

Ó lè ṣe é, TTL ni wọ́n ń pè é. Strobe á kọ́kọ́ bù díẹ̀, kámẹ́rà á wọn èyí tó padà wá, á sì pàṣẹ iye tó yẹ. Ó dára fún ohun kékeré tó kún fọ́tò. Níbi tí omi bá ti gba ìdajì fọ́tò, ó máa ń rò pé gbogbo ayé ló ṣókùnkùn, á wá tan iná lé ẹja lórí títí á fi funfun báláú. Kí ẹ fi ọwọ́ yín yí agbára rẹ̀ ni mo fara mọ́. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tó hàn lẹ́yìn kámẹ́rà: torí òkùnkùn tó yí yín ká, fọ́tò á dà bí èyí tó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Histogram, àtẹ inú kámẹ́rà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣe pín nínú fọ́tò hàn, ni kí ẹ wò.

Báwo làwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ṣe rí iná lò?

Wọ́n ń jó nǹkan ni. Louis Boutan, ọmọ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò lábẹ́ omi ní Banyuls-sur-Mer, ní etíkun Faransé, ní 1893. Magnesium, irin tó ń jó pẹ̀lú iná funfun, tó ń jó nínú gíláàsì lórí àgbá tó kún fún afẹ́fẹ́ ni iná tirẹ̀. Ní 1926, William Longley àti Charles Martin ya fọ́tò aláwọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ omi ní Dry Tortugas, ní Florida. Ìyẹ̀fun magnesium ni wọ́n gbé ka orí pákó tó léfòó, òun ni wọ́n ń sun láti òkè, ìwé ìròyìn National Geographic sì gbé fọ́tò wọn jáde ní oṣù kìíní 1927. Harold Edgerton ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló wá sọ strobe oníná mànàmáná di ohun tí ayàwòrán lè gbára lé, ó sì bá Jacques Cousteau, ọmọ Faransé tó ń ṣèwádìí inú òkun, ṣiṣẹ́ nínú òkun láti àwọn ọdún 1950.

Èkó ni mo ń gbé. Níbo ni mo ti lè kọ́ ọ?

Kì í ṣe nínú ọ̀sà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí strobe lè ràn lọ́wọ́. Ẹ lọ sí odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó bá gbà yín láyè, kí ẹ gbé ife pupa kan sísàlẹ̀, kí ẹ máa sún strobe díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa ya ife kan náà. Ibi tí òjìji bọ́ sí á kọ́ yín ní púpọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ wo rọ́bà etí àpótí kámẹ́rà bóyá irun tàbí yanrìn kan wà lára rẹ̀, kí ẹ ri àpótí náà sómi lófìfo. Bí omi bá wọ̀ ọ́, rọ́bà nìkan lẹ máa rà.