Orúkọ Ńlá Kọ́ Ló Ń Pààrọ̀ Ẹ̀rọ Jíìmù

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti fẹ́ di òótọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù: pé ẹni tó bá fẹ́ dá jíìmù sílẹ̀ láìfẹ́ wàhálà, kó yáa lọ gba orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan lò. Wọ́n á ní kí ló dé tí èèyàn á fi kọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sára ògiri, nígbà tí orúkọ tí wọ́n mọ̀ l'Ékòó àti l'Amẹ́ríkà wà nílẹ̀? San owó orúkọ, kí ẹ̀rọ dé, kí o jókòó, kí oníbàárà máa wọlé. Bí ẹ̀rọ bá sì gbó, ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ á pààrọ̀ rẹ̀, torí orúkọ tiwọn ló wà níta.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń kó èèyàn sí gbèsè. Òdìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú ìwé àdéhùn.

Ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní franchise kì í ṣe pé wọ́n ta ilé-iṣẹ́ fún yín. Ìyọ̀ǹda ni, fún iye ọdún kan, láti lo orúkọ, àwọ̀, àti ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ẹlòmíràn. Ilé tí ẹ háyà, ẹ̀yin lẹ háyà rẹ̀. Gbèsè báǹkì, ọrùn yín ló wà. Àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó oṣù wọn. Ẹ̀rọ, owó yín lẹ fi rà á. Ohun tí kì í ṣe tiyín ni àṣẹ láti sọ pé, "Ẹ̀rọ yìí ṣì dáa, ẹ jẹ́ ká lò ó fún ọdún méjì sí i."

Ẹni tó bá wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́-orí àwa Ìjẹ̀bú, á tètè lóye rẹ̀. Bí Iléyá bá ti ń bọ̀, ẹgbẹ́ á mú aṣọ tuntun fún Ojúde Ọba. Owó àpò ẹni lèèyàn fi ń rà á, àmọ́ ẹgbẹ́ ló ń mú àwọ̀. Aṣọ tèṣí lè ṣì máa dán nínú àpótí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀ ọ́ jáde kò bá ẹgbẹ́ jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń fi dọ́là ra aṣọ ẹgbẹ́.

Ẹ wo Planet Fitness, ilé-iṣẹ́ jíìmù ńlá kan l'Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Dover, ní New Hampshire, ní 1992. Nínú ìṣirò owó tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbé jáde fún aráyé, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín owó tó ń wọlé sí: owó tí àwọn tó gborúkọ rẹ̀ lò ń san, owó àwọn jíìmù tí òun fúnra rẹ̀ ni, àti owó ẹ̀rọ tó ń tà fún àwọn tó gborúkọ lò. Ẹ tún ẹ̀kẹta yẹn kà. Ẹni tó ń sọ fún yín pé ẹ̀rọ yín ti tó pààrọ̀ náà ló ń ta tuntun fún yín. Iye ọdún tí irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa lò wà nínú àdéhùn, ì báà ṣì máa ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ọdún náà bá pé. Mi ò pe ìyẹn ní ìrẹ́jẹ o. Jíìmù kan tí bẹ́líìtì treadmill rẹ̀ (ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀) ti já, tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, ń ba orúkọ gbogbo àwọn yòókù jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ìrànlọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni owó òkèèrè. Ká ní treadmill kan jẹ́ dọ́là 5,000. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí iye dọ́là ní báǹkì ṣì wà ní nǹkan bí 460 náírà, mílíọ̀nù 2.3 náírà ni ẹ̀rọ yẹn. Ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ní 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500. Ẹ̀rọ kan náà di mílíọ̀nù 7.5, a ò tíì ka owó ọkọ̀ ojú omi àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 75. Àdéhùn tí ẹni yẹn tọwọ́ bọ̀ kò yí padà nítorí náírà. Iye ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àti ọdún tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ṣé ó wá lè sọ owó oṣù tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà di ìlọ́po mẹ́ta? Ní Lẹ́kí, bóyá. Ní Ìmọ̀wò, tàbí lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìjàgun àti Àgó-Ìwòyè, wọ́n á kí i pé ó dàbọ̀, wọ́n á sì padà sí ìdí irin tí wọ́n ń gbé lẹ́yìnkùlé.

Owó orúkọ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé inú èrè ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, inú gbogbo owó tó wọlé ni, kí ẹ tó sanwó iná, kí ẹ tó sanwó ilé. Ẹ jẹ́ ká fi jíìmù kan ní Ṣàgámù ṣe àpẹẹrẹ. Mílíọ̀nù 3 náírà ń wọlé lóṣù. Owó ilé, iná, dísù ẹ̀rọ amúnáwá, owó òṣìṣẹ́ àti àtúnṣe jẹ mílíọ̀nù 2.6, ó ku 400,000. Ká ní àdéhùn béèrè náírà 7 nínú ọgọ́rùn-ún fún orúkọ, bí irú èyí tí Planet Fitness ń gbà, àti náírà 2 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìpolówó. Orí mílíọ̀nù 3 ni wọ́n ti máa yọ ọ́: 270,000. Ó ku 130,000 fún onílé-iṣẹ́. Inú 130,000 yìí náà ni owó ẹ̀rọ tuntun ti máa jáde. Bí kò bá tilẹ̀ jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ó máa tó ọdún 48 kó tó kó mílíọ̀nù 75 jọ.

Àwọn kan ń gba iye kan pàtó lóṣù dípò kí wọ́n bu nínú ohun tó wọlé. Bí Anytime Fitness, tó bẹ̀rẹ̀ ní Minnesota ní 2002, ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó rọrùn fún jíìmù tó kún. Fún èyí tó ṣófo lẹ́yìn tí èrò oṣù kìíní ti fọ́nká, iye kan náà ni, bóyá ẹnì kan wọlé tàbí kò wọlé.

Iná wá ń kọ́? Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ kọ ìwé ìtọ́ni wọn ní ìlú tí iná kì í ṣẹ́jú. Iná ilé l'Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fólítì. Tiwa tó 230 sí 240, nígbà tó bá wà ní pípé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọ̀hún kò ṣeé kì bọ ògiri níbí, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè fún èyí tí wọ́n ṣe fún iná tiwa, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló wà nílẹ̀. Ibi tí treadmill ti sábà máa ń kọ́kọ́ kú ní ilẹ̀ yìí kọ́ ni bẹ́líìtì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, bí kò ṣe bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí mọ́tò rẹ̀. Iná á lọ, á padà dé pẹ̀lú ìbínú, bọ́ọ̀dù á jó. Ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ lè ní kí ẹ dúró de bọ́ọ̀dù tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà ní Ṣàgámù lè tún un ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àmọ́ bó bá fọwọ́ kàn án, gàráńtì lè bá a lọ.

Owó iná fúnra rẹ̀ ti yí ìṣirò àwọn jíìmù padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti náírà 68 lọ sí 225 lórí ìwọ̀n iná kan (kilowatt-hour). Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò padà síbi tó wà. Treadmill mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí 700 wáàtì, tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, jẹ ìwọ̀n 21. Ní owó àtijọ́, kò tó 1,500 náírà. Ní 225, ó tó 4,725, ẹ̀rọ amúlétutù ò sì sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò sí lórí Band A á ní òun bọ́. Dísù ló máa sọ fún un bóyá ó bọ́.

Àti ohun mìíràn tí kì í sí nínú ìwé ìtọ́ni: ọ̀pọ̀ oníbàárà wa fẹ́ san owó ọjọ́ kan. Ètò àwọn orúkọ ńlá dúró lórí kí wọ́n máa yọ owó láti inú káàdì lóṣooṣù, kódà lóṣù tí onítọ̀hún ò yọjú. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wálé fún Iléyá fẹ́ san tọjọ́ mẹ́rin, kó nàgà díẹ̀ kó tó wọ aṣọ ẹgbẹ́, kó sì padà sí Èkó. Bí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kò bá fàyè gba ọjọ́ mẹ́rin, owó yẹn á lọ sọ́dọ̀ jíìmù tí kò lórúkọ ní àdúgbò kejì.

Kí n má ṣe bí ẹni pé orúkọ ò wúlò. Wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́, ètò ìṣirò wọn kì í sábà jẹ́ kí owó sọnù lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin tó ń bẹ̀rù jíìmù tí kò létò á sì fọkàn tán ibi tí wọ́n ti mọ irú ìtọ́jú tí wọ́n á rí. Àmọ́ orúkọ fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Curves, jíìmù àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní 1992, tàn dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi láàárín ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tilẹ̀kùn. Gold's Gym, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1965, lọ sílé ẹjọ́ fún ọ̀rọ̀ gbèsè ní 2020, ilé-iṣẹ́ Jámánì kan tó ń jẹ́ RSG Group sì rà á lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn tó gborúkọ lò kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nínú ọ̀rọ̀ yẹn, síbẹ̀ ọ̀gá tuntun ló wà lórí wọn.

L'Amẹ́ríkà, òfin sọ pé kí ẹni tó ń ta ìlò orúkọ fún yín ní ìwé tó tú gbogbo iye owó àti ẹjọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé tàbí sanwó. Nàìjíríà kò ní òfin tí wọ́n ṣe fún franchise nìkan. Ohun tó wà ni pé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ òkèèrè gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì NOTAP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àdéhùn gbígba ìmọ̀-ẹ̀rọ láti òkèèrè, láàárín ọjọ́ 60 tí ẹ bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Láìsí ìwé ẹ̀rí wọn, báǹkì kò gbọ́dọ̀ fi owó orúkọ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Nítorí náà, ìbéèrè nípa iye owó àti ẹjọ́ yẹn, ẹ̀yin àti lọ́yà yín lẹ máa bi wọ́n. Ojú ìwé tí mo fẹ́ kí lọ́yà kọ́kọ́ ṣí ni èyí tó ń sọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ẹ̀rọ: owó wo ni wọ́n fi kọ iye rẹ̀, ta ló máa tà á, ṣé ẹ lè ra tòkunbọ̀ tó dáa, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí náírà bá tún já. Kó tó kan ojú ìwé ìparí, níbi tí àwọn èèyàn kì í dé. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí pé bí ọdún àdéhùn bá pé tí ẹ ò sì sọ ọ́ dọ̀tun, kí ẹ kun ògiri, kí ẹ yọ àmì wọn kúrò lára gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ má sì ṣí jíìmù mìíràn nítòsí fún iye àkókò kan. Irin tí ẹ fi owó yín rà á wà nílé yín, ẹ ò kàn ní lè gba oníbàárà kankan sídìí rẹ̀.