Bí Àyẹ̀wò Àwo Orin Akọrin Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Kí àwo orin tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ akọrin ní láti jókòó sínú gbọ̀ngàn, kí ó fetí sílẹ̀, kí ó sì lọ kọ ohun tó bá rántí. Ohùn náà ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè pè é padà wá jẹ́rìí. Àwo ló yí ọ̀rọ̀ náà padà, nítorí ẹni tó ń ka àyẹ̀wò lè gbé abẹ́rẹ́ padà sí ibi tí alámèyítọ́ ń wí, kí ó sì fi etí ara rẹ̀ dá ẹjọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti gba ọ̀nà tirẹ̀.

Kò tètè bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1887 ni Emile Berliner gbé giramafóònù rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin, jáde, ó sì pẹ́ tí àwọn olórin ńlá fi ń wò ó bí ohun ìṣeré. Ní oṣù kẹrin ọdún 1902, Fred Gaisberg, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀, gba orin 10 sílẹ̀ lẹ́nu Enrico Caruso, akọrin ọmọ Ítálì, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Milan, iye tí akọrin náà sì gbà jẹ́ 100 pọ́n-ùn. Láti ìgbà náà ni àwo orin opera, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, ti di ọjà gidi, ṣùgbọ́n ìpolówó àwọn tó ń tà á ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á lè rí kà.

Oníbàárà ló fòpin sí èyí, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 1923, Compton Mackenzie, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tó kàn fẹ́ràn àwo, dá ìwé ìròyìn The Gramophone sílẹ̀ pẹ̀lú àna rẹ̀, Christopher Stone. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Herman Klein dára pọ̀ mọ́ wọn, ẹni tó ti kọ́ orin lọ́dọ̀ Manuel García, olùkọ́ orin tó lókìkí, tó sì ti gbọ́ Adelina Patti, gbajúmọ̀ akọrin opera, lójúkojú. Títí tó fi kú ní 1934 ló fi ń gbé ohùn inú àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn tí etí rẹ̀ ti gbọ́ rí.

Àyẹ̀wò orin ẹgbẹ́ akọrin ní tirẹ̀ kò lè gbérí nígbà náà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbohùn sílẹ̀: akọrin á dúró síwájú ìwo ńlá kan, ohùn rẹ̀ á sì mi abẹ́rẹ́ tó ń fín ìda. Bí ohùn òkè tó lágbára bá ń bọ̀, á fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ìda má baà bàjẹ́. Ẹnì kan lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ńkọ́? Ìwọ̀nba èèyàn ló lè há síwájú ìwo náà, ohùn wọn á sì dà pọ̀ títí a kò fi ní mọ áltò (ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin) yàtọ̀ sí tẹ́nọ̀ (ohùn òkè àwọn ọkùnrin).

Maikirofóònù ló tú ìdè náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1925, Columbia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin, gbohùn nǹkan bí 850 akọrin sílẹ̀ nínú ilé opera Metropolitan ní New York. Àwọn òǹwòran bá wọn gbe orin Kérésìmesì “Adeste Fideles”, wọ́n sì kọ ọ́ sára àwo pé ohùn 4,850 ni. (Ta ni yóò kà á?) Àwọn olùgbọ́ wá ń gbọ́ bí gbọ̀ngàn ńlá ṣe ń dún nínú àwo.

Síbẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 péré ni ojú kan àwo ń gbà, nítorí náà alámèyítọ́ tún ní láti sọ ibi tí wọ́n ti gé orin gígùn. Àwo LP (àwo tó ń dún pẹ́) ti ọdún 1948, tí ojú kan rẹ̀ lé ní 20 ìṣẹ́jú, mú ìyẹn kúrò.

Ohun tuntun tí etí sì wá ń wá kéré púpọ̀: lẹ́tà “s” tó parí ọ̀rọ̀. Ìwo àtijọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé e rárá, ariwo abẹ́rẹ́ sì ń bo ìwọ̀nba tó kù. Nígbà tí àwo mọ́ tán, ẹgbẹ́ tí kò bá pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan náà kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí mọ́.