Ẹja odò wa: ẹjọ́ wo ni ti sẹ́nétọ̀, èwo ni ti Lọ́kọ́ja?

Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mò ń ṣe ní Kàbà. Ẹ̀bẹ̀ kan wà tí àwọn apẹja àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja máa ń gbé wá bá mi: "Ẹ bá wa kọ̀wé sí sẹ́nétọ̀, kó ṣòfin tí yóò ká àwọn tó ń da gàmálíìn sódò lọ́wọ́ kò." Ẹ̀dùn ọkàn tó tọ́ ni. Oògùn kòkòrò ni gàmálíìn. Bí wọ́n bá ti dà á sódò, àtẹja ńlá àtọmọ ẹja ni yóò léfòó, ẹni tó ń pọnmi nísàlẹ̀ odò kò sì ní mọ ohun tó ń gbé relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí kọ́ ló ni àṣẹ.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 to àwọn nǹkan tí Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí lẹ́sẹẹsẹ. Ẹja pípa wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà 29, ṣùgbọ́n ó yọ ẹja inú odò, adágún àti gbogbo omi inú ilẹ̀ sílẹ̀. Ti òkun ni Àbújá mú. Odò Ọya tó gba Lọ́kọ́ja kọjá, odò Oyi tó wà lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni òfin ẹja wọn wà. Aṣòfin 25 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Kogi ní Lọ́kọ́ja. Ti àgbègbè yín ni kí ẹ lọ bá.

Ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ sọ ìwọ̀n ojú àwọ̀n tí ẹ fẹ́ kí òfin gbà láàyè. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ẹja tó gùn bí ìka kò fi lè bọ́ ń kó ẹja ọdún tó ń bọ̀ ni. Ẹ sọ àsìkò tó yẹ kí àwọ̀n sinmi pẹ̀lú, nítorí ìgbà tí omi bá ń kún ni ọ̀pọ̀ ẹja máa ń wọ pápá etí odò lọ yé ẹyin. Ní ti ẹni tó da májèlé sí omi tí èèyàn ń mu, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè lónìí. Ìyẹn kò dúró de òfin ẹja kankan.

Kí wá ni ti sẹ́nétọ̀? Ó pọ̀. Ẹ wo dáàmù Omi-Kampe ní Yàgbà. Àjọ tó ń bójú tó o, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bí àtúnṣe bá falẹ̀ níbẹ̀, sẹ́nétọ̀ ló lè pe àjọ náà wá ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀, kó sì jà fún owó rẹ̀ nínú ìṣúná.

Ti iṣẹ́ àkànṣe agbègbè (constituency project) náà wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni èdè àìyedè ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wọ́n ń ka owó náà lé sẹ́nétọ̀ lọ́wọ́. Rárá o. Òun ló ń dárúkọ iṣẹ́. Ilé aṣòfin á fọwọ́ sí ìṣúná, iléeṣẹ́ ìjọba kan á gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Torí náà, ohun tí wọ́n kọ sínú ìlà ìṣúná yẹn ni gbogbo ìjà. Bí wọ́n bá kọ "ìpèsè ohun èlò fún àwọn apẹja ní Kogi West", ìjọba ìbílẹ̀ méje ni gbólóhùn yẹn bò, kò sì sí abúlé kan tó lè dìde pé tèmi dà. Ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ ìlú, etí odò, iye àwọ̀n, iye ẹ̀rọ ọkọ̀. Ìbéèrè kan náà ni fún Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi tó ń ṣojú wa láti 2023 àti fún ẹnikẹ́ni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá wà nínú ìwé tí ẹ kò rí i lójú, iléeṣẹ́ tó gbé e jáde ni kí ẹ kọ̀wé sí. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, tó ti ń tọpa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 2019.

Ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó bá wá: ẹ jẹ́ kí àwọn apẹja Nupe àti Kakanda tí ẹ jọ ń ná odò fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú yín. Àwọn náà ń kó àwọ̀n wọnú omi lójoojúmọ́, òfin tí a bá sì ṣe lẹ́yìn wọn kò ní rẹ́ni pa á mọ́.