Ta ló ní ẹyẹ cormorant kò lépo lára?

Ẹni tó bá ń kọjá létí ọ̀sà lè rí ẹyẹ dúdú kan tó bà sórí òpó tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, tó na apá méjèèjì gbalaja bí ẹni tó ń sá agbádá. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń rí ìbátan rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ létí odò Thames. Cormorant ni òyìnbó ń pè é. Ẹja ló ń jẹ, abẹ́ omi ló sì ń mòòkùn lọ mú un. Gbogbo wa la gba èyí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe nípa apá tó nà yẹn: “Kò lépo lára bíi pẹ́pẹ́yẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń sá ara rẹ̀ sóòrùn.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa. Wọ́n á tún fi kún un pé ẹ̀dá tí kò pé ni, ẹyẹ omi tí omi ń wọ̀ lára.

Ó lépo. Kókó kékeré kan wà lókè ìdí ìrù rẹ̀ tó ń sun epo, bó ṣe wà lára pẹ́pẹ́yẹ àti lára adìẹ ilé wa. Ẹ ní sùúrù kí ẹ wò ó nígbà tó bá jáde nínú omi. Á fi ẹnu kan ìdí ìrù, á sì fi ẹnu náà tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Epo ló ń fi para.

Kí ló wá dé tí omi fi ń wọ̀ ọ́? Ibi tí wọn kì í dé nínú àlàyé wọn gan-an nìyí. Ẹ wo aṣọ agboòrùn, kí ẹ wo léèsì. Bí ẹ bá fi epo ra léèsì títí ilẹ̀ fi ṣú, òjò á ṣì gba ojú ihò rẹ̀ kọjá, torí bí wọ́n ṣe hun ún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹ́ rí. Ó ní igi kan láàárín, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sì jáde lára igi náà lọ́tùn-ún lósì. Ti pẹ́pẹ́yẹ fún mọ́ra wọn, omi kò ráàyè wọlé. Ti cormorant tú sílẹ̀ létí, omi ń bá ibẹ̀ wọlé. Láti ọdún 1968 ni onímọ̀ kan, A. M. Rijke, ti tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí ìyẹ́ ẹyẹ yìí ṣe rí. Ní 2005, David Grémillet àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé etí ìyẹ́ cormorant ńlá, irú èyí tó wà létí Thames, nìkan ni omi ń wọ̀. Omi kì í wọ àárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ń wà mọ́ awọ ara tí kì í jẹ́ kí òtútù pa á.

Àǹfààní wà nínú omi tó ń wọ etí ìyẹ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ inú ìyẹ́ ló ń jẹ́ kí ẹyẹ léfòó. Bó bá ti dín kù, kò ní pọn dandan kí cormorant máa bá omi jìjàkadì kó tó lè rì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń tu ara rẹ̀ lọ, awọ sì so ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Kí ni kò pé lára irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀?

Ní ti apá tó ń nà, mo gbà pé gbígbẹ ni olórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìkan ni. Irú cormorant kan wà ní erékùṣù Galápagos, nínú Òkun Pàsífíìkì, tí kò lè fò rárá, síbẹ̀ ó ń na apá kúkurú rẹ̀. A kò lè sọ pé nítorí àtifò ló ṣe ń sá a gbẹ. Àwọn onímọ̀ kan ní bóyá ó ń yá oòrùn kí ẹja tútù inú rẹ̀ lè tètè dà ni.

Àṣìṣe yìí lè ṣekú pa ẹyẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ẹni tó bá yọ cormorant kan nínú àwọ̀n, tó sì gbà pé kò lépo lára, lè rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́ bí òun bá fi òróró pa á lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òróró á lẹ ìyẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ ara á sá lọ, òtútù á wọlé, ẹyẹ á sì tún máa fi ẹnu lá a mì. Nígbà tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo rọ̀bì sójú òkun ní Alaska ní 1989, cormorant wà lára àwọn ẹyẹ tó kú. Ẹ ṣọ́ ojú yín, torí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ ní ìkọ́, ó sì máa ń bu ènìyàn ṣán. Bí kò bá fara pa, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àti atẹ́gùn wà, kí ẹ sì kúrò nítòsí. Á na apá rẹ̀ fúnra rẹ̀.